Ìgò Kékeré Tí Mo Gbé Lọ sí Ìkọ̀lé

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo jókòó sí iwájú mọ́tò Kọ́lá ní gáréèjì kan ní Ìbàdàn, tí mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì di kúlà pupa kékeré kan mú bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tuntun. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá náírà ni mo san fún ìjókòó iwájú dé Ìkọ̀lé-Èkìtì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin méjì tí wọ́n ń padà sí yunifásítì ní Ọ̀yẹ́ wà lẹ́yìn, àwọn àti bàbá kan tó ń lọ sí Ìjerò.

Kọ́lá, dẹ́rẹ́bà wa, ọmọ Ìfisìn ni, ní agbègbè Ìdó. Ó na ọwọ́ sí kúlà mi.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e sí bùútù, kí ẹ lè na ẹsẹ̀ dáadáa."

"Rárá o, ọmọ mi. Ojú mi kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀."

"Ẹran ni àbí wúrà?"

"Kì í ṣe ẹran, kì í ṣe wúrà. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ẹ̀kán omi mélòó kan lọ."

Ó wò mí, ó wo kúlà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tan mọ́tò.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí mo gbé. Iṣẹ́ láàbù ni mo ń ṣe, láti ìgbà tí mo ti wà ní omidan títí irun mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ẹ̀jẹ̀ ẹran ọ̀sìn la ń yẹ̀ wò. Bí kòkòrò àrùn bá wọ ọmú màlúù, ara ibẹ̀ a máa tú èròjà kan jáde. Èròjà yìí kì í pa kòkòrò. Iṣẹ́ ìpè ni tirẹ̀. Òun ló ń ké sí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara, pé ibí ni o, ẹ máa bọ̀. Kẹmokáìnì ni a ń pè é ní láàbù. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fún un jáde lára màlúù bí ẹni ń fún ọsàn. Nítorí náà, àwọn tó ń ṣe é lókè òkun wá ìlànà tí ara màlúù fi ń ṣe é, wọ́n fi í sínú kòkòrò àìfojúrí kan, kòkòrò náà sì ń bá wọn ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá fi àpẹẹrẹ aṣọ lé télọ̀ lọ́wọ́.

Ìyẹ̀fun ni ó máa ń jẹ́ nígbà tí ó bá dé. Èmi ti fi omi pò ó fún iṣẹ́ tiwa, ó sì ku ìgò kan ṣoṣo tí kò gùn tó ìka àárín mi. Bí a bá ti pò ó, ó di elége. Kò fẹ́ ooru, kò sì fẹ́ kí a mú un dì, kí ó yọ́, kí a tún mú un dì. Bí a bá ní ká ra òmíràn, oṣù mélòó kan ni yóò gbà kí ó tó dé.

Dókítà Bùsáyọ̀ ló nílò rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni ọmọbìnrin yìí ti kọ́ bí a ṣe ń mú ìgò láàbù dání, kí ó tó di olùkọ́ ní Ìkọ̀lé. Ó pè mí lórí fóònù.

"Màmá, màlúù kan wà níbí tí ọmú rẹ̀ kì í yé ṣàìsàn. Bí a bá wò ó sàn lónìí, á tún padà lóṣù tó ń bọ̀. Ó ti sú ẹni tó ni ín, alápatà sì ń bọ̀ wá mú un lọ́jọ́ Ẹtì. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ dití sí ìpè ni. Bí wọ́n bá dití, kò sí ohun tí mo lè ṣe, kí ó tà á. Bí wọn kò bá dití, a ó wá àrùn náà síbòmíràn."

Ọjọ́bọ̀ la fi àdéhùn sí. Yóò gba ẹ̀jẹ̀ màlúù náà ní aago méje àárọ̀. Sẹ́ẹ̀lì funfun tí ó ti kúrò lára kì í pẹ́ rárá. Bí n kò bá dé kí ọ̀sán tó pọ́n, agbára wọn á ti tán. Alápatà ò sì ní dúró dè wá.

Oòrùn yọ sí wa lójú ní Iléṣà. A ra àkàrà gbígbóná níbẹ̀, a jẹ ẹ́ lórí ìrìn. Lẹ́yìn Ìtawurẹ́ ni òkè bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ́tùn-ún lósì, ìkùukùu ṣì wà lórí wọn bí gèlè tí wọn kò tíì wé tán. Ọ̀nà náà dán níbì kan, ó jin kòtò níbòmíràn, Kọ́lá sì mọ kòtò kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ orúkọ àwọn àbúrò rẹ̀. Ó ní òun ò ní gba Adó, nítorí pé ọkọ̀ máa ń pọ̀ jù níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. A yà gba Ìjerò.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ kọjá díẹ̀ nígbà tí bàbá ẹ̀yìn ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ ní Ìjerò. Mo gbọ́ ìró ọmọ odó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin jókòó ti abọ́ iyán, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn múra oko.

"Láàárọ̀ yìí?" ni mo wí.

"Uyán ni, Màmá," ni Kọ́lá dáhùn. "Ẹ̀yin ará Ìbàdàn lẹ máa ń fi ẹ̀kọ tan ikùn jẹ láàárọ̀."

Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé àwọn ará Èkìtì a máa fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níbi tí tiwa ti ní i. Ilé jẹ́ ulé, iṣẹ́ jẹ́ uṣẹ́, iṣu jẹ́ uṣu. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjèèjì ń rẹ́rìn-ín bí Kọ́lá ti ń pè é tí èmi ń pè é tẹ̀lé e.

Ó ku díẹ̀ kí a wọ Ùsì ni mo rí i pé àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń gbóná.

"Kọ́lá, kí ló ń jó mi lẹ́sẹ̀?"

Ó wo iwájú rẹ̀, ó ní "Háà!" Ooru ti ń rú jáde lábẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Bẹ́líìtì tó ń yí fáànù ẹ́ńjìnnì ti já, àwa ò mọ ìgbà tí ó já. Kọ́lá àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ́tò dé ibi tí ilé àkọ́kọ́ wà. Mo ṣí kúlà. Yìnyín tí mo tò sínú rẹ̀ ti di omi tán, nítorí pé irin ilẹ̀ mọ́tò tí mo gbé e lé ti gbóná láti ìgbà tí bẹ́líìtì ti já. Mo ki òṣùwọ̀n ooru bọ omi náà, ó ti ń gòkè.

Mo tún ki òṣùwọ̀n náà bọ̀ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ló fọwọ́ kàn mí.

"Màmá, kí lẹ nílò?"

"Yìnyín."

"Ẹ jẹ́ ká wá a lọ."

Kò sí iná mànàmáná ní Ùsì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n a gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ kan, a tẹ̀ lé ìró náà dé iwájú ilé kan tí wọ́n fi páànù ṣe ìbòrí. Obìnrin kan tí ó tó ọjọ́ orí mi dúró ti firísà ńlá méjì, ó ń to ẹja dídì. Ìyá Tọ́pẹ́ ni wọ́n ń pè é.

"Ẹ kú uṣẹ́ o," ni mo wí, mo fi ohun tí mo kọ́ dánrawò.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣeun, Màmá Ìbàdàn. Ẹ pe uṣẹ́, ṣùgbọ́n ohùn yín ti tú yín fó."

Mo sọ fún un pé yìnyín ni mo ń wá, mo sì fi ìgò hàn án. Ó fà sẹ́yìn.

"Òògùn ni? Kó má lọ ba ẹja mi jẹ́ o. Gbogbo àdúgbò yìí ló ń jẹ ẹ́."

"Kì í ṣe òògùn. Ìpè ni." Mo ṣàlàyé fún un bí mo ti ṣàlàyé lókè yìí, ní kúkúrú, pé ó ń pe àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ màlúù wá síbi tí àrùn wà.

Ó pàtẹ́wọ́. "Ìpè tí wọ́n rọ sínú ìgò! Ǹjẹ́ àwọn tí ó ń pè máa ń jẹ́ ẹ?"

"Ohun tí mo ń sáré lọ wò nìyẹn."

"Ẹ wọlé jàre, ẹ má dúró sóòrùn."

Ó fẹ́ ju ìgò náà sáàárín ẹja nínú firísà, mo figbe ta. Bí ó bá dì, ó bàjẹ́. Ló bá mú ọbẹ, ó fọ́ yìnyín tó lẹ̀ mọ́ ara firísà, mo bu omi díẹ̀ sí i kí ó lè rọ̀. A wé ìgò náà sínú ọ̀rá mẹ́ta, a gbé e dúró sí àárín. Ìyá Tọ́pẹ́ wò ó, ó mi orí.

"Èyí ò ní pẹ́. Ẹ gba títúùsì mẹ́ta yìí, wọ́n dì gan-an. Ẹ fi wọ́n yí yìnyín yẹn ká bí ògiri."

Mo sanwó ẹja. Mo béèrè iye owó yìnyín, ó ní òun kì í ta yìnyín, ẹja ni òun ń tà. Mo ki òṣùwọ̀n bọ̀ ọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ kíá.

Kọ́lá ti dá ọ̀kadà méjì dúró tí yóò gbé wa dé Ìdó, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ojú tì í púpọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ lójú títì, ó dá owó tó kù padà fún wa láì jẹ́ kí a béèrè, ó sì kọjú sí ọlọ́kadà mi.

"Màmá mi ni o. Má sáré. Ṣùgbọ́n má falẹ̀."

Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni owó ọ̀kadà mi, kúlà pẹ̀lú. Ìgbà tí mo gun ọ̀kadà gbẹ̀yìn, àbígbẹ̀yìn mi ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, ó ti di bàbá ọmọ báyìí. Mo di kúlà mọ́ àyà, mo pa ojú dé. Nígbà tí mo là á, ibi gbogbo jẹ́ ewéko tútù, àwọn ènìyàn ń juwọ́ sí wa látinú oko iṣu, mo sì rí i pé ìrìn náà ń dùn mọ́ mi.

"Màmá," ni ọlọ́kadà wí, "ṣé kò sí ẹja ní Ìkọ̀lé ni?"

Ní Ìdó a wọ táàsì tó ń gba Ìfàkì lọ sí Ìkọ̀lé. A kò tíì rìn jìnnà tí ìyá kan fi fa imú.

"Ta ló gbé ẹja wọ ọkọ̀?"

Mo jẹ́wọ́. Ó béèrè iye tí mo rà á, mo sọ fún un. Ó ní ó yẹ kí n ná an sí i. Láti ibẹ̀ dé Ọ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ iye owó ẹja ni gbogbo ọkọ̀ ń sọ, kò sì sí ẹni tó rántí òórùn rẹ̀ mọ́.

Ọ̀yẹ́ jẹ́ ìlú tí ìwé àti ọkọ́ ti ń gbé pọ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ni mo ń wò lọ́tùn-ún, ebè iṣu ló wà lósì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gba àárín rẹ̀ kọjá pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a jọ ń bọ̀ sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n gba nọ́ńbà fóònù mi, wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ gbọ́ bí ó bá ṣe rí. A kọjá Ìtapà. Kòkó ń gbẹ lórí ẹní létí títì, ilẹ̀ pupa, òkè ń bá wa lọ. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí mo wọ láàbù Bùsáyọ̀.

Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó dìde, ó ṣí kúlà. Ẹja mẹ́ta ń wò ó.

"Màmá, kẹmokáìnì ni mo ní kí ẹ gbé wá, ẹ gbé ọbẹ̀ wá!"

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yẹ òṣùwọ̀n wò, ó dì mọ́ mi. Ó tutù bí ó ti yẹ.

A kò fi àkókò ṣòfò. Ó ti ya sẹ́ẹ̀lì funfun sọ́tọ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù aláìsàn náà àti ti òmíràn tí ara rẹ̀ le. Àwo kékeré kan wà tí ó ní òkè àti ìsàlẹ̀, ajọ̀ tí ihò rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí wà láàárín. A kán ìpè sí ìsàlẹ̀, a kán sẹ́ẹ̀lì sí òkè. Bí wọ́n bá gbọ́ ìpè, wọ́n á fún ara wọn gba inú ihò kọjá. Bí wọn kò bá gbọ́, wọ́n á jókòó síbi tí wọ́n wà. A ti àwo náà sínú àpótí olóoru. Wákàtí kan ààbọ̀ ni a ó fi dúró.

Níta, bàbá kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi fìlà sórí orúnkún. Alájì Bello ni, ẹni tó ni màlúù náà. Wọ́n bí i sí ẹ̀yìn Ìkọ̀lé ni, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara.

"Màmá, ẹ kú ìrìn. Ṣé òògùn Àbẹ̀kẹ́ ti dé?"

"Ta ló ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́?"

"Màlúù mi ni. Ìyàwó mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì tèmi náà."

Ó dìde fùú. "Ẹ máà bínú, Màmá. Màlúù rere ni o."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ní bí àyè bá wà, kí n wá wò ó. Bùsáyọ̀ ní kí n máa lọ, òun á ṣọ́ àpótí. Bí mo ṣe gun alùpùpù lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo nìyẹn.

Pápá náà gbòòrò, kò sì sí màlúù kan níbẹ̀ tí mo lè rí. Alájì Bello fi ọwọ́ ká ẹnu, ó ké lẹ́ẹ̀kan, igbe gígùn kan tó dún wọ inú igbó lọ. Ìdákẹ́jẹ́ wà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni igbó mì. Orí kan yọ, òmíràn yọ, wọ́n ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, lójú kan náà, síbi tí ohùn náà ti wá. Funfun kan tó ní àmì dúdú níwájú orí ló ṣáájú gbogbo wọn.

"Àbẹ̀kẹ́ nìyẹn," ni ó wí.

Mo dúró, mo ń wò. Ọdún tí mo ti ń fi gègé kọ ọ̀rọ̀ ìpè àti ìjẹ́pè sínú ìwé láàbù kò níye, n kò tíì rí i rí kí ìpè mú ẹsẹ̀ rìn. Kí n má purọ́, n kò tíì dúró ti ààyè màlúù rí débi tí mo lè fọwọ́ kàn án. Alájì Bello gbé ọwọ́ mi lé ọmú Àbẹ̀kẹ́. Apá kan gbóná ju ìyókù lọ. Ẹranko náà gbọ̀n díẹ̀, kò tàpá.

"Wàrà rẹ̀ la fi rán àkọ́bí mi lọ sí ilé-ìwé," ni Alájì wí. "Bí alápatà bá mú un lọ́la, n ò ní lè jẹ nínú ẹran náà. Ṣùgbọ́n owó òògùn ti pọ̀ jù."

Nígbà tí a padà dé, Bùsáyọ̀ ti kun ajọ̀ náà ní aró, ó ti gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ó dìde fún mi kí n jókòó. Mo kọ́kọ́ wo èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láì kán ìpè sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí a lè fi í wé àwọn yòókù. Sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ péré ló kọjá. Mo wo ti màlúù tí ara rẹ̀ le. Wọ́n pọ̀. Mo sún un dé ti Àbẹ̀kẹ́.

Wọ́n pọ̀ bákan náà. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, Bùsáyọ̀ náà tún kà wọ́n.

"Wọ́n gbọ́!" ni mo ké.

A pe Alájì Bello wọlé, ó fi ojú kan sí i.

"Àwọn àmì róbótó aláró yìí ni?"

"Àwọn ni. Ara Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti wá. Wọ́n gbọ́ ìpè, wọ́n jẹ́ ẹ."

Bùsáyọ̀ kò jẹ́ kí ayọ̀ gbé wa lọ. Ó ní àyẹ̀wò kan ṣoṣo nìyí, òun á tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ó jọ pé àléébù náà kò sí lára màlúù. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi Alájì léèrè bí wọ́n ṣe ń fún wàrà nílé. Ta ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún? Ṣé wọ́n ń fọwọ́? Lẹ́yìn náà ni ó wí pé:

"Aṣọ tí ẹ fi ń nu ọmú wọn, mélòó ni?"

"Ẹyọ kan ni. Gbogbo wọn la fi ń nù."

Èmi àti Bùsáyọ̀ wo ara wa. Alájì Bello rí wa. Ó ń yí fìlà rẹ̀ po.

"Nígbà náà, aṣọ yẹn ló ń dá àrùn náà padà fún un," ni ó wí. "Ọwọ́ wa ni."

"Ọwọ́ ṣeé fọ̀, Alájì," ni Bùsáyọ̀ dáhùn. "Aṣọ náà ṣeé pààrọ̀. Kí olúkúlùkù ní tirẹ̀, kí Àbẹ̀kẹ́ sì jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí ẹ ó máa fún. Èmi á wá fún un ní òògùn fúnra mi."

Ó fa fóònù yọ níbẹ̀, ó pe alápatà. "Ẹ má wulẹ̀ wá lọ́la mọ́. Rárá, kì í ṣe pé ẹlòmíràn fi owó lé e. Ara rẹ̀ ló sọ pé òun kò tíì fẹ́ lọ." Ó pa fóònù, ó bú sẹ́rìn-ín, àwa náà sì bá a rín in.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bùsáyọ̀ gún iyán, a fi títúùsì Ùsì se ọbẹ̀ ata. Mo jẹ ẹ́ bí ẹni tó roko. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi méjì ní Ọ̀yẹ́, wọ́n sì fi ìhó ayọ̀ dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba ọ̀nà tí mo bá wá padà. Mo ní kí ọkọ̀ dúró díẹ̀ ní Ùsì. Ìyá Tọ́pẹ́ ń bá oníbàárà kan ná ẹja lọ́wọ́. Ó rí mi, ó fi oníbàárà sílẹ̀.

"Ṣé wọ́n jẹ́ ẹ?"

"Wọ́n jẹ́ ẹ, gbogbo wọn."

Ó yíjú sí oníbàárà rẹ̀, ó ní, "Yìnyín mi ló ṣe é," ó sì padà sẹ́nu ẹja tí wọ́n ń ná.

Ọ̀sán ni mo wọ Ìbàdàn. Ọkọ mi béèrè bí Èkìtì ṣe rí, mo ní wọ́n ń jẹ iyán láàárọ̀, òkè wọn kò lóǹkà, ènìyàn ibẹ̀ á sì fọ́ yìnyín firísà rẹ̀ fún àlejò tí kò rí rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ìrìn náà kọ́ mi jù, n kò tètè rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń wò láti ọjọ́ yìí wá, ó sì ti pẹ́ tí mo ti gbàgbé pé ẹni kan ń bẹ tí ẹ̀jẹ̀ náà ń ṣàn lára rẹ̀, ẹni kan sì ń bẹ tí oúnjẹ rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ìyẹn wá.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀jẹ̀ màlúù kan dé sí láàbù wa láti oko kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn. Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi í ránṣẹ́ lórí fóònù, mo béèrè bí màlúù náà ṣe ń jẹ́.

"Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ìgò, Màmá."

"Mo ti rí nọ́ńbà. Orúkọ rẹ̀ ni mo ń béèrè."

Mo gbọ́ tí ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan lẹ́yìn, ẹni náà sì ń rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ní Mórẹ́nikẹ́ ni, Màmá."

Mo kọ Mórẹ́nikẹ́ sí ara ìgò náà, mo wọ ìbọ̀wọ́ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.